Ọṣẹ Tí Ẹnu Ìyàwó Ilé Kò Gbà

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ? Mo mọ̀ pé ẹ máa ní ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ ó ní nítorí ìkómọ ni, ẹ ó ní bí baba bá jẹ́ ọdẹ ká pe ọmọ ní Ọdẹ́wálé. Irọ́ ni. Ẹ jókòó. Kò sí ọmọ kankan nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ọṣẹ ni. Ọṣẹ dúdú tí a fi ń wẹ̀ ló bí òwe náà, ìyà tó sì jẹ àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kò kéré.

Obìnrin kan wà tí ń jẹ́ Àyọ̀ká, ọmọ bíbí agboolé Ọ̀jẹ́labí ní ìlú Ìdí-Ọsàn. Ọ̀jẹ́labí ni baba tó bí i, ó ti kú tipẹ́. Àyọ̀ká ṣòwò ní Jọ́ọ̀sì fún ọdún méjìlélógún kó tó padà wálé, gbogbo ohun tó kó bọ̀ ló sì dà sórí ọṣẹ. Ó ra èèpo kòkó, ó sun ún di eérú, ó ra àdín, ó gbé ìkòkò ńlá mẹ́ta kaná ní ẹ̀yìnkùlé. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí, ọgọ́ta agbọ̀n ọṣẹ ti kún yàrá baba rẹ̀ dé àjà.

Ẹni tó bá mọ ọṣẹ dúdú mọ̀ pé òun àti òjò kì í ṣọ̀rẹ́. Bí afẹ́fẹ́ òjò bá ti fẹ́ sí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn, á rọ̀, á máa ṣàn bí ẹ̀kọ tí kò dì. Àyọ̀ká gbọ́dọ̀ tà á kí òjò tó dé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọdún méjìlélógún Jọ́ọ̀sì á gba abẹ́ ilẹ̀kùn ṣàn jáde lójú rẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ló lè ra ọgọ́ta agbọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà: Àlàájà Múíbátù ará Ìlọrin, tó máa ń gbé ọkọ̀ wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń se ọṣẹ ní Ìdí-Ọsàn tó ogún, ọṣẹ gbogbo wọn ló sì dúdú. Báwo ni Àlàájà ṣe máa mọ èyí tó máa rà? Orúkọ ni. Ọṣẹ tí orúkọ rẹ̀ bá ròkè jù lẹ́nu ọjà ló máa ń béèrè.

"Àfi kí n wá orúkọ," ni Àyọ̀ká wí.

Ẹni tó ń kọ pátákó nílùú, Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé, gbọ́. Ọkùnrin yìí ní ọ̀dà, ó ní búrọ́ọ̀ṣì, ó sì ní ẹnu. Ó ní iṣẹ́ òun kò mọ sórí pátákó, pé òun kọ́ ọgbọ́n tí wọ́n fi ń ṣẹ̀dá orúkọ fún òwò, ọ̀nà márùn-ún ló sì pín sí.

"Ìyá, ọ̀nà kìíní rèé. Ẹ dijú. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá wá sí yín lẹ́nu nípa ọṣẹ, ẹ dà á sílẹ̀. Ẹ má ṣà á, ẹ má tijú. Èmi á máa kọ ọ́."

Àyọ̀ká dijú. "Ìfófò. Kànìnkànìn. Eérú. Ìdọ̀tí. Èélá. Ìhòòhò. Ó wọ̀ mí lójú. Ta ló gbé omi mi?"

"Ó dára gan-an!"

"Kí ló dára níbẹ̀? Ṣé kí n wá pè é ní Ọṣẹ Ta-ló-gbé-omi-mi?"

"Bí ẹ bá pè é bẹ́ẹ̀, ta ló máa gbàgbé?" Ṣówándé kọ ọ́ sílẹ̀. Kò burú lójú tirẹ̀. Bí lẹ́tà bá ṣe pọ̀ tó lórí pátákó ni iṣẹ́ tirẹ̀ ń gùn tó.

Ọ̀nà kejì ni pé kí wọ́n gé orí ọ̀rọ̀ kan, kí wọ́n so ó mọ́ ìdí òmíràn. Wọ́n gé orí kànìnkànìn, wọ́n so ó mọ́ ìdí ìfófò, ó di Kànìnfò. Àyọ̀ká ní kí òun dán an wò lára aládùúgbò kan tó ń kọjá. Ó ní, "Ìyá Sàká, Kànìnfò ńkọ́?" Obìnrin náà dúró, ó káàánú rẹ̀. Ó ní, "Háà, pẹ̀lẹ́ o. Ìgbà wo ló mú ọ? Fi àdín pa á kó o tó sùn."

Ọ̀nà kẹta: kí wọ́n wo ẹ̀dá tó mọ́ lára, kí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ọjà. Ṣówándé wo òkè, ó rí lékeléke.

"Ṣùgbọ́n ọṣẹ mi dúdú," ni Àyọ̀ká wí.

"Ọgbọ́n náà kò sọ pé kí àwọn méjèèjì jọra."

"Ọṣẹ dúdú Lékeléke! Ẹni tó bá rí i á ní ẹyẹ ni mo sun."

Ọ̀nà kẹrin, kí ó gbé ìbéèrè náà sùn kí ó lè rí i lójú àlá. Ó gbé e sùn. Ó lálàá pé ewúrẹ́ ń jẹ gèlè òun. Nígbà tó sọ fún Ṣówándé, ìyẹn ní "Ọṣẹ Ewúrẹ́" kò burú. Àyọ̀ká kàn ń wò ó títí ọkùnrin náà fi gbójú kúrò.

Ọ̀nà karùn-ún, kí wọ́n bi ẹni mẹ́wàá tó ń kọjá lọ. Ẹni mẹ́ta ní kó fi orúkọ àwọn sọ ọ́. Ẹnì kan ní kó fi orúkọ ìyá òun sọ ọ́. Bàbá arúgbó kan ní ta ló bímọ, pé wọn kò mà gbé oyin tọ́ òun lẹ́nu wò. Àwọn márùn-ún tó kù béèrè pé ṣé ọṣẹ náà lọ́fẹ̀ẹ́ ni.

Ó ti rẹ Àyọ̀ká. Gbogbo orúkọ ti pò pọ̀ mọ́ ọn lórí, kò mọ èwo ni ẹyẹ, èwo ni àrùn. Bó ṣe gbójú sókè báyìí, ó rí fótò baba rẹ̀ lára ògiri, tòun ti fìlà, tó ń wò ó.

"Baba mi!" ó pariwo. "Ta ni ìlú yìí mọ̀ jù ọ́ lọ?"

Ṣówándé fò sókè. "Ọṣẹ Ọ̀jẹ́labí! Ìyá, ẹ̀yin gan-an lẹ ni ọ̀nà kẹfà. Orúkọ tí ẹnu kankan kò ní í kọ̀!"

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe ìyàwó ilé rí, mo rí yín, ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ mú sùúrù.

Àwọn tó máa kiri ọṣẹ yìí ni ìyàwó ilé mẹ́ta tí àwọn ọmọkùnrin Ọ̀jẹ́labí fẹ́ sínú agboolé náà: Ìyálé tó dàgbà jù, Ìyá Ìdògbé, àti èyí tó kéré jù tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyàwó. Ẹ sì mọ̀ pé ìyàwó kì í fi ẹnu ara rẹ̀ pe baba ọkọ rẹ̀ lórúkọ, ì báà wà láàyè, ì báà ti kú. Ọmọ jòjòló tí wọ́n bí sínú ilé náà ní àná ọjọ́ tí ìyàwó wọlé, ọkọ ni í jẹ́ fún un, àfi kó wá orúkọ mìíràn tó máa máa pè é. Àyọ̀ká ọmọ ilé ni. Ẹnu tirẹ̀ kò ní ìdè, tí ó bá wù ú kó pe baba rẹ̀ nígbà ọgọ́rùn-ún. Ọdún méjìlélógún láàárín àwọn àjèjì sì ti mú kó gbàgbé pé ẹnu àwọn mìíràn ní ìdè. Ṣówándé ní tirẹ̀, ará ibòmíràn ni, kò sì láya.

Wọ́n kan pátákó mọ́ ojúde. Àyọ̀ká pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Láti ọ̀la, ẹ ó máa polówó ọṣẹ yìí lọ́jà. Ọṣẹ Ọ̀jẹ́labí. Ẹ pè é kí n gbọ́."

Ìyálé wo Ìyá Ìdògbé. Ìyá Ìdògbé wo Ìyàwó. Ìyàwó wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ìyá ọkọ wa," Ìyálé bẹ̀rẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe Àyọ̀ká nínú ilé, "orúkọ yìí dára o. Ó kàn jẹ́ pé..."

"Ó kàn jẹ́ pé kí ni?"

"Ó wúwo díẹ̀."

"Agbọ̀n lẹ máa rù, ta ló ní kí ẹ ru orúkọ? Mo mọ̀ yín. Ìlara ni. Ẹ fẹ́ kí n fi orúkọ baba tiyín sọ ọ́."

"Ká má rí i! Ẹ̀yin lẹ ni wá. A ó polówó rẹ̀."

Wọ́n rò pé Àyọ̀ká mọ èèwọ̀ náà. Ìyálé ní, "Ó ń dán wa wò ni. Ẹni tó bá là á lẹ́nu pẹ́nrẹ́n, ó di ẹjọ́ níwájú àwọn ọkọ wa." Ni wọ́n bá gbé agbọ̀n, kálukú gba ọjà tirẹ̀ lọ.

Ìyálé gba Ọjà Òkè. Òun mọ baba náà dáadáa nígbà ayé rẹ̀, ó mọ bí ara rẹ̀ ṣe máa ń dán. Ó ké: "Ẹ ra Ọṣẹ Bàbá Adúmáadán o!" Ìyá Ìdògbé gba Ọjà Sábó. Òun rántí pé baba máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí òun: "Ọṣẹ Bàbá Ẹlẹ́rìn-ín dé o!" Ìyàwó gba ọjà Ìdí-Àràbà. Òun kò bá baba láyé. Ibi tó ti mọ̀ ọ́n kò ju ara ògiri lọ. Ó ronú, ó ronú, ó ké: "Ọṣẹ Bàbá Inú Fótò rèé o!"

Ọṣẹ náà dára, èmi kò ní í purọ́. Kò pẹ́ tó fi gbayì. Ọjà Òkè ń bá Ọjà Sábó jà pé Bàbá Adúmáadán ju Bàbá Ẹlẹ́rìn-ín lọ. Àwọn ará Ìdí-Àràbà ní kò sí ọṣẹ láyé bí kò ṣe Bàbá Inú Fótò.

Àyọ̀ká jókòó sábẹ́ pátákó rẹ̀, kò rí ẹni tó pe Ọ̀jẹ́labí. Àwọn tó ń kọjá ni wọ́n ń bi í pé ṣé ó ti gbọ́ nípa ọṣẹ tuntun mẹ́ta tó gbòde. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Ta ni àwọn wọ̀nyí? Níbo ni wọ́n ti ń se é? Ó rán Ìyá Sàká lọ sí Ìdí-Àràbà kó bá òun ra Bàbá Inú Fótò wá, ó sì gbé e wọ balùwẹ̀. Kò pẹ́ tó jáde, tòun ti ìfófò létí.

"Ọṣẹ jàǹdùkú! Eérú rẹ̀ kò jinná. Gbogbo ẹ̀yìn mi ló ń yún mi. Ìyá Ìdògbé, wá gbóòórùn rẹ̀."

Ìyá Ìdògbé gbóòórùn rẹ̀. "Ó jọ tiwa."

"Tiwa kẹ̀! Imú rẹ ló dí. Ẹ gbọ́, láti ọ̀la, bí ẹ bá dé ọjà, ẹ máa bú ọṣẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí. Bàbá Adúmáadán, Bàbá Ẹlẹ́rìn-ín, Bàbá Inú Fótò, ẹ bà wọ́n jẹ́!"

Ìyálé kúnlẹ̀. "Ìyá ọkọ wa, ẹ ní ká bú... ká bú Bàbá?"

"Ẹ bú u tìyá-tìyá!"

Ẹ wá wo Ìyálé lọ́jọ́ kejì lójú ọjà, agbọ̀n lórí, omi lójú: "Ẹ ra Ọṣẹ Bàbá Adúmáadán o! Kò dára o! Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ forí jì mí níbi tí ẹ wà, wọ́n rán mi ni. Ó ń yúnni lára o! Ẹ wá rà á!" Àwọn èèyàn rọ́ dé. Wọn kò rí irú ẹ̀ rí, kí ọlọ́jà máa bú ọjà, kó tún máa bẹ òkú. Kí oòrùn tó kàn án lórí, agbọ̀n ti ṣófo.

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run dúdú jù, ọkọ̀ kan dúró níwájú pátákó, àwọn ìyàwó sì ti lọ sọ́jà. Àlàájà Múíbátù ló bọ́ sílẹ̀.

"Ẹ kúulé o. Mò ń wá Ọṣẹ Bàbá Inú Fótò. Wọ́n ní agboolé yìí ni ẹni tó ń kiri rẹ̀ ti ń jáde."

Àyọ̀ká dìde. "Níbí kẹ̀? Àlàájà, ẹ wo pátákó."

"Èmi kò mọ̀wé kà."

"Ọ̀jẹ́labí ló wà níbẹ̀. Orúkọ baba mi ni. Bí mo bá mọ ẹni tó ń se Bàbá Inú Fótò, ọlọ́pàá ni mo máa fi lé lọ́wọ́. Mo fi wẹ̀, díẹ̀ ló kù kó bó mi láwọ̀. Ẹ wá ra tèmi."

"Kí lẹ pè é? N kò gbọ́ orúkọ yẹn rí lẹ́nu ọjà kankan. Ọṣẹ tí ọjà ilé kò mọ̀, ṣé Ìlọrin ló máa mọ̀ ọ́n?"

"Ẹ máa lọ nígbà náà! Ẹ máa bá àwọn ọ̀bàyéjẹ́ lọ!"

Lẹ́yìn Àyọ̀ká ni ilẹ̀kùn yàrá ṣí sílẹ̀ gbayawu, ogójì agbọ̀n Bàbá Inú Fótò tó ṣẹ́kù jókòó níbẹ̀. Bàbá Inú Fótò fúnra rẹ̀ wà lókè wọn, tòun ti fìlà, ó ń wo àwọn méjèèjì. Àlàájà wọ ọkọ̀, ó ní kí wọ́n wa òun lọ sí gáréèjì, òun á lọ kó ọṣẹ ẹlòmíràn.

Àwọn ìyàwó dé lọ́sàn-án. Àyọ̀ká bá wọn lẹ́nu ọ̀nà, inú rẹ̀ dùn.

"Mo rí ọ̀kan mú lónìí! Àlàájà Ìlọrin ló wá béèrè Bàbá Inú Fótò. Mo lé e bí ẹni lé adìẹ."

Agbọ̀n já bọ́ lórí Ìyàwó. "Mo gbé! Ẹ lé e? Ọṣẹ mi ni!"

"Ọṣẹ rẹ? Ìwọ lò ń ta ọṣẹ ọlọ́ṣẹ nínú ilé baba mi?"

"Ọṣẹ yín ni!"

"Ọṣẹ mi ń jẹ́ Ọ̀jẹ́labí!"

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ọwọ́ di etí lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyàwó nawọ́ sí ara ògiri.

"Ìyá ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ta nìyẹn?"

"Baba mi ni. Ṣé o fọ́jú ni?"

"Níbo ló wà?"

"Ṣebí inú fó..."

Àyọ̀ká wo fótò. Ó wo Ìyàwó. Ó yíjú sí Ìyálé, ó rọra ní, "Bàbá Adúmáadán ńkọ́?"

Ìyálé na ọwọ́ sókè. "Èmi ni o."

"Ẹlẹ́rìn-ín..."

"Ẹ má bínú," ni Ìyá Ìdògbé wí.

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?"

"Kí ni ká sọ?" Ìyálé dáhùn. "Ẹ̀yin tí wọ́n bí sínú ilé, ṣé àwa tí wọ́n gbé wọlé ló máa kọ́ yín ní ohun tí ilé kò gbà?"

Àrá sán. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ki eré mọ́lẹ̀, ó di gáréèjì.

Dírẹ́bà ti ṣáná sọ́kọ̀. Wọ́n ti di agbọ̀n ọṣẹ ẹlòmíràn méjì mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyálé ń ké "Bàbá Adúmáadán!" Ìyá Ìdògbé ń ké "Bàbá Ẹlẹ́rìn-ín!" Ìyàwó ń ké "Bàbá Inú Fótò!" Àyọ̀ká ń sáré lẹ́yìn wọn, ó ń ké "Ọ̀jẹ́labí!" Àwọn ará gáréèjì dìde dúró. Ẹnì kan ní bàbá mẹ́rin ló kú lẹ́ẹ̀kan náà, ó ti ṣí fìlà. Ẹlòmíràn ní bàbá mẹ́rin ló sọnù, ó ń wo abẹ́ ọkọ̀.

Àlàájà yọjú. "Mo gbọ́ Bàbá Inú Fótò. Ta ló ni ín?"

"Èmi ni," ni Àyọ̀ká wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Èmi náà ni mo ni àwọn tó kù. Ọṣẹ kan náà ni."

"Ọṣẹ kan, orúkọ mẹ́rin? Ẹni tó bá ní orúkọ mẹ́rin, ẹjọ́ ló ń sá fún. Dírẹ́bà, ó yá."

"Àlàájà, orúkọ rẹ̀ gan-an ni Ọ̀jẹ́labí!"

Àlàájà kọjú sí Ìyàwó. "Ìwọ lò ń ké Bàbá Inú Fótò, ìwọ ni mo gbọ́ nípa rẹ̀. Ṣé òótọ́ ló sọ? Pe orúkọ náà kí n gbọ́."

Ìyàwó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyálé gbójú sókè, ó ń wo òjò. Ìyá Ìdògbé dédé bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Àlàájà wò wọ́n lọ, ó wò wọ́n bọ̀. Lójijì ó jókòó sórí táyà, ẹ̀rín pa á títí ìborùn fi bọ́ lórí rẹ̀. "Baba ọkọ yín ni?"

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mi orí.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o! Èmi náà ní baba ọkọ. Ọjọ́ tí wọ́n ń kírun ńlá ni wọ́n bí i, wọ́n sì fi ọjọ́ náà sọ ọ́. Ọgbọ̀n ọdún rèé, bí mo bá ka ọjọ́ dé Ọjọ́bọ̀, màá ní 'ọjọ́ kejì Ọjọ́bọ̀', màá wá bọ́ sí Sátidé." Ó nu ojú, ó kọjú sí Àyọ̀ká. "Ẹ̀yin, nígbà tí ẹ ń wá orúkọ fún ọṣẹ yìí, kí lẹ wò?"

"Mo wo gbogbo nǹkan, Àlàájà. Mo wo ẹnu ara mi, mo wo ẹyẹ, mo wo ojú àlá, mo wo ẹni mẹ́wàá tó ń kọjá."

"Ilé ńkọ́? Ṣé ẹ wo ilé, kí ẹ rí àwọn tó wà níbẹ̀ tó máa pè é?"

"Ilé kẹ̀? Ṣebí inú rẹ̀ ni mo jókòó sí."

"Ẹ jókòó sí i, ẹ kò wò ó! Ilé là ń wò, obìnrin yìí! Ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ!"

Gáréèjì bú sẹ́rìn-ín. Ẹnu àwọn dírẹ́bà ni òwe náà ti gba títì lọ.

Àlàájà bá wọn padà sílé pẹ̀lú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n kó tó fọwọ́ kan agbọ̀n, ó ní, "Bàbá Inú Fótò nìkan ni mo fẹ́ o. Wọ́n ti fún mi ní Adúmáadán wẹ̀ rí, kò dé ìdajì rẹ̀." Àyọ̀ká la ẹnu láti ṣàlàyé. Ìyálé já a léèékánná nídìí. Ó pa ẹnu dé.

"Gbogbo rẹ̀ ni Bàbá Inú Fótò, Àlàájà," ni Ìyálé wí. "Àwọn ìyókù ti tán pátápátá."

Agbọ̀n kẹtàdínlógójì, ìkejìdínlógójì, wọ́n ń gbé e. Bí wọ́n ṣe fa tapólì bo ogójì, òjò dé, ó sì rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò bá ẹyọ ọṣẹ kan nínú ilé.

Ṣówándé yọjú lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì. Ó ní òun gbọ́ pé wọ́n fẹ́ pa orúkọ dà, pé ọ̀nà keje wà.

Àyọ̀ká ní, "Ṣé o ti láya?"

"Rárá, Ìyá."

"Lọ fẹ́yàwó. Bó o bá fẹ́ ẹ tán, bi í léèrè ohun tí kò lè pè nílé yín, kó o tó tún kọ pátákó fún ẹnikẹ́ni nílùú yìí."

Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹni tó ń ṣòwò tuntun, tó dijú, tó gbé bébà lé itan, tó ń wá orúkọ lójú ọ̀run, ẹ ta á jí. Ẹ sọ fún un pé ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ, ọmọ náà ì báà jẹ́ ọṣẹ.